Òfì Kan Lẹ́yìn Ọjà Kábà

Láti Lọ́kọ́jà títí a fi kọjá Obajana, tírélà sìmẹ́ǹtì ló ń ṣáájú wa, tírélà sìmẹ́ǹtì ló ń tẹ̀ lé wa. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀nà tó ṣí, tí àwọn òkè olókùúta sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́tùn-ún lósì. Nígbà tí a ó fi wọ Kábà, oòrùn ti mú, ìlú sì ti jí tipẹ́. Oríta ni Kábà. Ẹni tó ń lọ sí Òkéné, ẹni tó ń lọ sí Ẹ̀gbẹ̀, ẹni tó fẹ́ gba Òmùò wọ Èkìtì, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pàdé. Ọlọ́kadà ń fọn fèrè, agbèrò ń pe èrò, obìnrin kan to iṣu sílẹ̀ ní ìpele-ìpele, ó ń fi ọwọ́ gbá yẹ̀pẹ̀ ara wọn kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láàárín gbogbo ariwo náà, ọ̀rọ̀ kan ni mo ń gbọ́ ṣáá: "Òkun o." Wọ́n fi ń kí ẹni tó jí, wọ́n fi ń kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, wọ́n fi ń kí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé. Ìkíni yìí náà ló di orúkọ tí à ń pe gbogbo wọn: Owé tó ni Kábà, Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀.

Láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ Kábà ni wọ́n fi pe odindi ẹkùn kan. Ní 1967, wọ́n da ẹkùn Kábà pọ̀ mọ́ ti Ìlọrin, ìpínlẹ̀ tí a wá ń pè ní Kwara sì jáde. Ní 1991, ilẹ̀ Òkun bọ́ sínú Ìpínlẹ̀ Kogí. Ààlà ń yí, ìlú kò kúrò lójú kan. Òkè ṣì yí i ká, ọjà rẹ̀ ṣì ń kún.

Mo ti rìn nínú ìlú tó ju báyìí lọ ní ariwo. Ní Bangkok, olú ìlú Táílándì, mo tẹ̀ lé bèbè odò Saen Saep lọ́jọ́ kan, odò tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ láyé àtijọ́, tí ọkọ̀ ojú omi ń sáré kó èrò lórí rẹ̀ bíi dánfó. Mo yà sí àdúgbò kan tí wọ́n ń pè ní Ban Krua. Àwọn Mùsùlùmí ọmọ ẹ̀yà Cham ló tẹ̀ ẹ́ dó, sílíìkì ni wọ́n sì ń hun. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ọwọ́ wọn ni Jim Thompson, ọmọ Amẹ́ríkà tó gbé sílíìkì Táílándì kárí ayé, ti ń gba aṣọ. Ilé rẹ̀ ṣì dúró ní òdìkejì odò. Ojú ọ̀nà ibẹ̀ tóóró, ó sì ṣókùnkùn. Ìró òfì ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó rí ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá dé ìlú kan, ohun tí mo kọ́kọ́ ń béèrè ni ta ló ń fọwọ́ ṣe nǹkan níbẹ̀.

Bí mo ṣe béèrè ní Kábà náà nìyẹn. Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi tó gbà mí lálejò, ọmọ Owé ni, ó ní, "Ìyá àgbà kan ṣì wà lẹ́yìn ọjà. Àmọ́ ẹ má kánjú o. Bí ẹ bá kánjú, ẹ ò ní rí nǹkan kan."

Lọ́jọ́ kejì, mo dọ̀bálẹ̀ fún Màmá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. "Òkun o, Màmá." Ó ní, "Òkun, ọmọ mi. Ìrìn ńkọ́?" Ó na ọwọ́ sí ẹní, mo jókòó, òun náà sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Mo mọ òfì Ìṣẹ́yìn. Ọkùnrin ló sábà máa ń wà nídìí rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa tẹ nǹkan ìtẹ̀ nísàlẹ̀, òwú á nà jìnnà síwájú rẹ̀ títí dé ibi tí wọ́n gbé òkúta lé e kó má bàa dẹ̀, aṣọ tó ń jáde á sì tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀já. Òfì ti Màmá dúró ni. Òpó igi méjì ni wọ́n ri mọ́lẹ̀ lẹ́bàá ògiri, tí wọ́n fi okùn so orí wọn mọ́ igi àjà. Ọ̀pá méjì dábùú wọn, ọ̀kan lókè níbi tí ọwọ́ mi lè tó bí mo bá nà án, ọ̀kan nísàlẹ̀ nítòsí ilẹ̀. Kò sí nǹkan ìtẹ̀, kò sí irin, kò sí ìṣó kan. Ọ̀pá ìsàlẹ̀ ti dan láàárín níbi tí aṣọ ti ń kọjá láti ọdún pípẹ́ wá, ó ṣì rí ṣákiṣàki ní ìkángun méjèèjì. Obìnrin ló ni irú òfì yìí. Àwọn obìnrin Ebira ní Òkéné ń lo irú rẹ̀, ti Akwete nílẹ̀ Ìgbò náà ń lò ó. Aṣọ tó ń tinú rẹ̀ jáde fẹ̀: abala méjì tí a bá rán pọ̀ tó ìró.

Òwú méjì ni Màmá ń lò. Èyí tó ní àwọ̀, òwú ọjà ni, tó wà ní ìdì. Funfun nìkan ló ṣì ń fọwọ́ ran. Àwọn kan máa ń ṣàròyé pé òwú ọjà ti ba iṣẹ́ jẹ́. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí mo ti rí bí ó ṣe ń yan èyí tó fẹ́, tó ń fi ìka méjì pa á wò, tó ń fà á já létí rẹ̀ kó tó sanwó.

Nítorí èmi, ó mú òwú tí wọ́n ká lóko jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ó gbé òkúta pẹlẹbẹ kan síwájú, ó mú ọ̀pá irin kékeré kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ ní orí méjèèjì. Ó fi òwú ìwọ̀nba kan sórí òkúta, ó gbé irin lé e, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì yí irin náà síwájú. Kóró òwú ń ta jáde níwájú irin, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, bí ẹ̀wà tó ń bọ́ lára èèpo. Òwú fúnra rẹ̀ dúró lẹ́yìn irin. Mo bẹ̀ ẹ́ kí n gbìyànjú. Mo tẹ irin jù, kóró fọ́ lábẹ́ rẹ̀, òróró inú rẹ̀ sì kó àbàwọ́n bá òwú. Nígbà kejì mo dẹ̀ ẹ́ jù, kóró lọ, òwú bá a lọ. Màmá gba irin, kò sọ nǹkan kan. Ó gbé ìwúwo ara rẹ̀ láti èjìká, kì í ṣe láti ọwọ́. Ibẹ̀ ni mo ti rí i.

Ọrun kékeré ni wọ́n fi ń gbọn òwú náà. Ó fi ìka ta okùn ọrun sáàárín òwú, òwú náà wú, ó fúyẹ́, ó di ìkùukùu tó gbé kalẹ̀ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló mú ìrànwú: igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ti amọ̀ róbótó kan bọ̀ nísàlẹ̀. Ó fi eérú kan ìka rẹ̀ kó má bàa yọ̀. Ó fi ìdí ìrànwú sínú àfọ́kù igbá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀, ó yí orí rẹ̀ pẹ̀lú àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá, ó sì ń na ọwọ́ òsì sókè díẹ̀díẹ̀. Bí ọwọ́ òsì ṣe ń lọ ni òwú ń jáde láàárín ìka rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò sí níbẹ̀ rárá. Èmi ló ń wò, ó ń bi mí léèrè ará ilé mi. Àmọ́ nígbà tí ibì kan nípọn jù, ìka rẹ̀ dúró kí ojú rẹ̀ tó dé ibẹ̀. Ó tú u, ó fa á tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń bá ọ̀rọ̀ wa lọ.

Aró kò sí nínú iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Ìkòkò tó lu nídìí, tí wọ́n fi ń sẹ́ omi eérú, ṣì wà lẹ́yìn ilé, adìyẹ ti sọ ọ́ di ìtẹ́. Ó júwe rẹ̀ fún mi: ewé ẹ̀lú tí a gún, tí a ṣù, tí a sá gbẹ, eérú tí a fi omi sẹ́, ọjọ́ mélòó kan tí a fi jẹ́ kó kan nínú ìkòkò. Òwú tí a bá kọ́kọ́ yọ jáde, àwọ̀ ewé ló máa ń ní, afẹ́fẹ́ ni yóò sọ ọ́ di aró lójú ẹni. Ẹ̀ẹ̀kan á fún ni ní àyìnrín. Bí a bá ń rì í, tí a ń sá a, tí a tún ń rì í, yóò dúdú dé ibi tí a fẹ́. Ó ní imú ni wọ́n fi ń mọ̀ bí aró bá ti jinná.

Iṣẹ́ òfì gan-an bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú títa òwú, òwú òró tí yóò dúró láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó tó ọdún méjìlá, ló ń bá a ṣe é. Màmá jókòó níwájú, ọmọ náà dúró ní ẹ̀yìn òfì. Ìṣù òwú ń lọ láti ọwọ́ kan sí ọwọ́ kejì: ó gba orí ọ̀pá òkè, ó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn, ó gba abẹ́ ọ̀pá ìsàlẹ̀, ó tún gòkè wá síwájú. Bẹ́ẹ̀ ni òwú ń yí po láìjá títí àwọ̀ yóò fi yí. Dúdú méjìlá, funfun mẹ́rin, pupa méjì, funfun mẹ́rin, kó tó tún kan dúdú. Wọn kò kọ ọ́ sílẹ̀ níbì kankan. Màmá ń fi ètè kà á, ọmọ náà ń fi orí dáhùn bí àwọ̀ bá fẹ́ yí. Mo bá wọn kà á dé igba kí n tó ṣì í.

Bí òwú ti pé, ó ṣe ohun kan tí mi ò retí. Ó fi ẹ̀yìn ìka ta òwú náà láti ọ̀tún dé òsì, bí ẹni tó ń ta gìtá, ó sì tẹ́tí. Èyí tó le tó ń dún. Nígbà tó kan ibì kan lápá òsì, ohùn náà kú. Òwú mẹ́ta ló dẹ̀ níbẹ̀. Ó wá ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀, ó fi ìka fà wọ́n yípo òfì lẹ́ẹ̀kan, ó tún wọn so. Ó padà ta á. Ó dún.

Lẹ́yìn èyí, ó ti ọ̀pá ọparun kan bọ àárín òwú: ọ̀kan níwájú rẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn rẹ̀, títí dé etí. Ìyẹn ni yóò máa ya òwú sí méjì. Ó kù kí àwọn tó wà lẹ́yìn ní ohun tí yóò máa fà wọ́n wá síwájú. Ó mú okùn líle kan, ó fi kọ́ òwú ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan, ó sì so kókó rẹ̀ mọ́ ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wà níwájú. Gbogbo ìkọ́ náà gbọ́dọ̀ gùn bákan náà. Bí ọ̀kan bá kúrú, òwú rẹ̀ yóò ṣáájú àwọn yòókù, aṣọ yóò sì lójú níbẹ̀. Ìka mẹ́ta tí a tò pọ̀ ni ó fi ń wọ̀n ọ́n. Iṣẹ́ yìí gba gbogbo ọ̀sán. Kò sí ẹni tó bá a sọ̀rọ̀, ọmọ náà sì mọ̀ pé kò yẹ kí òun bá a sọ̀rọ̀.

Apásà ni ohun tó tún mú jáde lọ́jọ́ kejì. Igi líle pẹlẹbẹ ni, ó gùn ju ìbú aṣọ lọ, etí rẹ̀ kan ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹ̀yìn ọ̀bẹ. Dúdú rẹ̀ kì í ṣe àwọ̀, ọwọ́ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló ni ín tẹ́lẹ̀.

Ó fa ọ̀pá ìkọ́ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, òwú ẹ̀yìn yọ síwájú. Ó ti apásà bọ àlàfo náà ní pẹlẹbẹ, ó yí i dúró lórí etí rẹ̀, ọ̀nà là. Ó ju igi tí wọ́n ká òwú ìbú mọ́ láti ọ̀tún, ó gbà á lósì. Ó yí apásà padà, ó fi etí rẹ̀ gbá òwú náà wálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, gbì, gbì. Ó yọ ọ́. Ó ti ọ̀pá ọparun sísàlẹ̀, ọ̀nà kejì là fúnra rẹ̀. Apásà wọlé, igi òwú kọjá padà, gbì, gbì. Mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n. Ó pẹ́ kí n tó rí ohun tó wà láàárín wọn. Nígbàkígbà tí igi òwú bá kọjá, kì í na òwú ìbú ṣánṣán. Ó máa ń jẹ́ kó tẹ̀ sókè láàárín bí òṣùmàrè, kó tó fi apásà lù ú wálẹ̀. Òṣùmàrè kékeré yẹn ló fún òwú ní àyè láti gba orí àti abẹ́ òwú òró. Ẹni tó bá nà án ṣánṣán, etí aṣọ rẹ̀ yóò máa sún wọlé, aṣọ yóò sì ní ìbàdí. Ó ní ọ̀pá ọwọ̀ kan tó ṣẹ́ sí ìwọ̀n ìbú náà. Lẹ́yìn bí ogún òwú, á gbé e lé aṣọ. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi jókòó, ọ̀pá ọwọ̀ náà kò yọ létí, kò sì kù.

Ó tó àkókò pupa. Màmá mú igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó fi ṣa òwú òró sókè: mẹ́ta, ó fo méjì, mẹ́ta. Ó ti òwú pupa kúkúrú bọ ibẹ̀, ó fi ti funfun tẹ̀ lé e kó lè dì í mú. Ìlà keje ni mo tó rí pé àwòrán kan ń yọ, ohun kan tó dà bí ẹsẹ̀ ẹyẹ. Mo bi í léèrè nípa pupa. Ó ní ti òun kò tó nǹkan. Aṣọ ìpò ti Bùnú ni pupa. Láyé àtijọ́, aṣọ òkú àwọn olóyè ńlá ni ìpò, ọkùnrin ló sì ń hun ún, nígbà tí àwọn obìnrin ń hun ìyókù. Nígbà tí òwú pupa kò sí nílé, aṣọ onírun pupa tó ti òkè òkun wá, títí kan búláńkẹ́ẹ̀tì ilé ìwòsàn, ni wọ́n ń tú lówùú-lówùú kí wọ́n lè rí pupa hun. Mo máa ń ronú sí ìyẹn: ẹni tó jókòó, tó tú aṣọ tí ẹlòmíì ti hun tán, kó tó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Elisha Renne, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, gbé láàárín àwọn ará Bùnú, ìwé tó kọ nípa aṣọ wọn sì jáde ní 1995. Ó fi ọ̀rọ̀ kan tó gbọ́ níbẹ̀ pe ìwé náà, pé aṣọ kì í kú.

Ní ọjọ́ kẹta, aṣọ ti ga dé ibi tí ọwọ́ Màmá kò fi bẹ́ẹ̀ tó mọ́ lórí ìjókòó. Ó tú okùn tó so ọ̀pá òkè díẹ̀. Gbogbo òwú dẹ̀. Ó di aṣọ náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó fà á wálẹ̀, ó gba abẹ́ ọ̀pá ìsàlẹ̀ lọ sẹ́yìn, òwú tí a kò tíì hun sì yí wá síwájú. Ó tún so okùn, ó fi ẹ̀yìn ìka ta òwú, ó tẹ́tí. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí aṣọ fi yí òfì po, tí orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé ìdí rẹ̀. Níbẹ̀, apásà kò lè wọ̀ mọ́. Ó pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù, nígbà tó yá ó di ọ̀pá ọwọ̀, ó wá di abẹ́rẹ́. Ìbú ìka mẹ́rin ló ṣẹ́kù tó fi dúró. Ó mú ọ̀bẹ, ó gé e láàárín àlàfo náà, láti òsì dé ọ̀tún, aṣọ sì bọ́ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Abala àkọ́kọ́ ti wà nínú àpótí láti oṣù tó kọjá. Ó tẹ́ méjèèjì sórí ẹní, etí sí etí. Ìlà pupa ti ọ̀tún wo ìlà pupa ti òsì, ẹsẹ̀ ẹyẹ bá ẹsẹ̀ ẹyẹ dọ́gba. Ibì kan ṣoṣo ló ti yàtọ̀, nítòsí ìdí, ó sì tó ìwọ̀n òwú kan. Màmá fi omi díẹ̀ tọ́ ọ, ó fi ọwọ́ nà án títí tó fi bá ara mu. Ó rán an, abẹ́rẹ́ ń mú òwú etí kan níhìn-ín, òwú etí kan lọ́hùn-ún, kò jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gbé e lé orí igi, ó fi ọmọ orí odó lù ú jẹ́jẹ́ láti ìkángun dé ìkángun, ó ṣẹ́ ẹ po.

Ó gbé e fún mi. "Wá ojú rírán rẹ̀."

Mo pa ojú dé, mo fi ìka wá a. Mo kọjá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ìka mi kan kókó kékeré kan, bí orí abẹ́rẹ́.

"Ibẹ̀ ni òwú ti tán lọ́wọ́ mi," ni Màmá wí, ó sì gba aṣọ rẹ̀.